Ọlọ́wọ́ Ọṣẹ

Ẹ̀gbọ́n mi Adailton, ṣẹ́ẹ̀tì méjì tí mo jẹ yín wà lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Bahia lọ́dọ̀ yín. Mo ti san owó ẹrù, ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ẹ kú ilé o. Ara wa le ní São Paulo níbí. Yàrá ọmọ ni mò ń sùn láti ọjọ́ Àìkú, ibẹ̀ tutù dáadáa.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, ọkọ mi Josenildo jẹ́rìí lórí pẹpẹ. Ó ní góòlù tó lé ẹgbẹ́ ìlú wa kúrò ní líìgì, ẹsẹ̀ òun ni bọ́ọ̀lù kàn tó fi yà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ gólì wa, òun sì dákẹ́ kí wọ́n dá yín lẹ́bi. Ìjọ pariwo, "Ògo!" Ìyá kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi: "Ìyàwó pásítọ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ náà!" Ọwọ́ mi kò gbéra.

Nílé, mo ní, "Ọdún mọ́kànlélógún, Josenildo?"

Ó ní, "Ọlọ́run ti dárí jì mí."

Mo ní, "Ṣé Ọlọ́run ni wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́ Ọṣẹ nígboro, àbí ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó fẹ́ wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, òun àti oníkámẹ́rà ìjọ. Mo ní tí ẹ bá gbà, òun nìkan ni yóò wá, sórí pápá bọ́ọ̀lù ìlú wa, níwájú àwọn tó ń fi yín ṣẹ̀sín.

Ẹ bá mi kí ìyá wa. Kí èsì yín dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì.