Kókó Ọmọ Hólàǹdì Lára Àsíá Bàbá Àgbà

Agbo-ilé Pekak Regig,
Abúlé Tegal Wani,
Bálì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Agẹmọ, ọdún 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi Putu ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Róttádáàmù, ní Hólàǹdì lọ́hùn-ún? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé ó ti fún wọn nísinmi? Dadong, ìyá àgbà wa, le koko bí igi àgbọn níbí. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń bú àwọn adìẹ; èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú èébú náà, èmi ni wọ́n ń fún.

Ẹ rántí àsíá gígùn tí Bàbá àgbà fi ọwọ́ ara wọn ya ejò ńlá sí? Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, àsíá náà kò dúró ní tẹ́ńpìlì mọ́, nítorí gbogbo wa wà ní Hólàǹdì, kò sí ọmọ ilé wa nílé tí yóò gbé e ró. Àwọn ará àdúgbò ti fẹ́ fi aṣọ ọ̀rá tí wọ́n rà nígboro dí àyè rẹ̀. Bí mo ṣe padà wálé, mo bẹ àlùfáà tẹ́ńpìlì pé kó jẹ́ kí n gbé e ró ní àjọ̀dún yìí. Ó gbà.

Dadong ló kọ́ mi bí a ṣe ń gé ọparun tí a ó fi ṣe òpó àsíá náà. A kì í gé ọparun ní ọjọ́ Àìkú, a sì gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe fi èdè wa tí mo ń kọ́ tọrọ ààyè ni Dadong bú sẹ́rìn-ín: "Háà, Kadek! Ọparun ò gbọ́ Òyìnbó o. Tún un sọ, kó má lọ rò pé o fẹ́ rà á ni!" Mo bi wọ́n pé kí ló burú nínú aṣọ ọ̀rá. Wọ́n ní ejò ara àsíá ló di ilẹ̀ àti omi mú. Bí ọ̀rá bá gbó, inú omi oko ìrẹsì ló ń já sí. "Ṣé ohun tí ejò á máa mu nìyẹn?"

Kókó okùn tí a fi ń so àsíá mọ́ ọparun nìkan ni ọwọ́ mi kò mọ̀. Kókó ọmọ Hólàǹdì ni Dadong ń pe èyí tí mo ń so. "Bí ẹni ń so okùn bàtà!"

Ní òwúrọ̀ àjọ̀dún, mo ti wẹ̀, mo ti múra tán, ni mo rí nǹkan oṣù mi. Ẹ mọ òfin wa: ẹni tó bá ń ṣe é kì í wọ tẹ́ńpìlì, kì í fọwọ́ kan ohun mímọ́. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mo jókòó ti àsíá náà títí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irọ́ gbé e ró, kí ni mo wá ṣe nílé? Mo sọ fún Dadong. Wọn kò bú mi. Wọ́n gbé àsíá náà lé orí, àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé ọparun, wọ́n lọ sí tẹ́ńpìlì.

Ìta dá wáí. Ó ku èmi àti ajá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo òkè ògiri tẹ́ńpìlì. Ó pẹ́ kí orí ọparun tó yọ, tí ìrù ejò náà sì fẹ́ lẹ́lẹ́ sí apá òkè ńlá. "Wò ó!" ni mo kígbe. Ajá ló gbọ́.

Nígbà tí Dadong dé, wọ́n ní: "Kókó tìrẹ ni mo so. Àlùfáà fẹ́ tú u, kó tún un so dáadáa. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ọmọ ilé wa ló ni í. Bó bá tú, ìwọ ni wọn yóò bú o, kì í ṣe èmi!"

Afẹ́fẹ́ jà gan-an lánàá. Láti àárọ̀ òní ni mo ti ń yọjú wò ó. Kò tíì tú.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Màmá, kí ẹ sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ilé yìí tóbi jù fún èèyàn méjì.

Èmi ni àbúrò yín tó ń ṣọ́ kókó,
Kadek Ratmini.