Wáìnì Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Àbámẹ́ta, 1 Èrèlé 2025
Mo tún ra ìgò wáìnì kan ní Ṣàgámù. Pupa. Òun ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn, mo sọ ọ́ ní Àgbà. Àjọkẹ́ tó ń tà á ní kí n máa tẹ́ wọn dùbúlẹ̀, kí oòrùn má rí wọn. Yàrá alámọ̀ tí bàbá àgbà kọ́ ló tutù jù nílé wa n'Ípẹ̀rú. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ni mò ń kó wọn sí, díẹ̀díẹ̀, bí owó oṣù bá ṣe gbà. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n Màmá ò gbọdọ̀ mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Èrèlé
Màmá tún sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn: “Ọtí ló pa bàbá rẹ. Ọjọ́ tí mo bá rí ìgò ọtí nílé yìí, Ìsarà ìlú mi ni mo gbà lọ.” Kò ṣàwàdà. Bó bá lọ, ta ló máa bá wa wo àwọn ìbejì wa?

Ọjọ́bọ̀, 13 Èrèlé
Démiládé, ìyàwó mi, ní òun ò bá mi fi nǹkan pamọ́ fún ìyá mi mọ́. Mo bínú. Ṣé mò ń mu ún ni? Àwọn kan ń kó bàtà jọ, ẹnikẹ́ni ò bá wọn jà!

Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé
Màmá gbálẹ̀ yàrá alámọ̀. Lẹ́yìn náà ó se ìkọ́kọrẹ́, ó bu tèmi pọ̀ ju ti gbogbo èèyàn lọ. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹtì, 28 Èrèlé
Àgbà ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn yòókù wà. Démiládé búra pé òun ò fọwọ́ kàn án. Ta ni mo fẹ́ pariwo olè fún?

Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà
Màmá ń lọ aṣọ pẹpẹ fún ìsìn ọ̀la, ó ń kọrin. Kò di ẹrù Ìsarà kankan.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Ẹrẹ́nà
Ìdàpọ̀ Mímọ́. Màmá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Àlùfáà gbé ife sí mi lẹ́nu. Kì í ṣe wáìnì aládùn tí a máa ń mu — èyí wúwo, ó gbẹ lẹ́nu. Mo gbójú sókè. Àgbà ló dúró lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ó ti dín dé ìdajì.

Níta, àlùfáà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dúpẹ́ pé mo ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wáìnì ìjọ tán. Màmá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà tó kù àwa méjì ló sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò lọ Ìsarà mọ́. Ó ní ibi pẹpẹ nìkan lòun ti lè máa wò mí bí mo bá ń mutí. Ó ní àwọn ìgò yòókù á gbé ìjọ dé Àjíǹde.

Mo ní, ẹ ṣé, Màmá.