Epo Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Òun Ti Dà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mo ra epo tuntun fún dífírẹ́ńṣà píkọ́ọ̀pù mi, ìkòkò irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Gálọ́ọ̀nù kan, ìdérí pupa. Mọ́tò yìí ló ń bọ́ wa — òun ni mo fi ń kó ẹrù àwọn tó ń kó kúrò nílé. Ọ̀la ni mo fẹ́ pààrọ̀ epo náà fúnra mi ní ẹ̀yìnkùlé, bí mo ti máa ń ṣe.

Ọ̀gá Mo-Ti-Mọ̀ ò gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni o, àkọ́bí Màmá, tó ní ọ̀sẹ̀ kan péré lòun máa lò lọ́dọ̀ wa, tó ti ń lọ sí ọdún kan. Ó ní ọkùnrin ò ní wà nílé kí obìnrin máa rákòrò lábẹ́ mọ́tò. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ tú noòtì òkè, ibi tí epo ń gbà wọlé, kó tó tú ti ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá lọ kọ̀ lẹ́yìn tí epo ti dà tán ńkọ́?

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo ti ọjà dé, ọ̀gá ti fọwọ́. Ó ní òun ti parí. Epo àtijọ́ rèé, dúdú bí èédú, nínú — bàsíà ìfọṣọ mi! Mo bi í bóyá ó kọ́kọ́ tú ti òkè. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́. Màmá ní kí n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sinmi. Ṣé èmi ni mi ò jẹ́ kó sinmi láti ọjọ́ yìí?

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Bàsíà ò mọ́. Inú ń bí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo gbé Màmá lọ wo ojú rẹ̀ ní ọsibítù orí òkè. Láti ilé débẹ̀: rọra, ọmọ mi, rọra. Ó di ilẹ̀kùn mú gírígírí. Mo ní Màmá, ìgbín ti fẹ́ yà wá sílẹ̀.

Bí a ṣe ń bọ̀, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́ ọkọ̀, bí ẹni tí eyín ń ro. Òórùn jíjó. Màmá ní etí òun ò gbọ́ nǹkan kan. Etí tó máa ń gbọ́ tí mo bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Noòtì òkè — wọ́n ti fi sípánà họ etí rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ìpẹtà ṣì dì mọ́ ìdí rẹ̀. Kò yí rí. Irin ẹlẹ́nu mímú, òòlù. Ó kọ̀, èmi náà kọ̀. Nígbà tó yá, ó gbà.

Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Ó gbẹ táútáú. Irin wẹ́wẹ́ ló bá ìka mi jáde. Mọ́tò tó ń bọ́ wa ti run eyín ara rẹ̀.

Epo tí mo rà dà? Ọ̀gá ti jáde láti àárọ̀. Mo tú yàrá rẹ̀, kò sí. Abẹ́ ibùsùn Màmá ni mo ti rí i, ìdérí pupa, wọn ò tíì ṣí i rárá. Ìró Màmá ni wọ́n fi wé e.

Mo gbé e lọ bá Màmá. Ó ní noòtì ló kọ̀, pé ojú ń ti ẹ̀gbọ́n mi, pé ó fẹ́ wá ẹni tó máa bá a tú u kí n tó mọ̀. Ó ní àkọ́bí òun ni, òun ò lè fà á lé ẹnu mi lọ́wọ́. Ó ní ṣebí òun sọ fún mi pé kí n rọra wà á.

Mo ní: Màmá, èmi ńkọ́?

Ó gba ìró rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń ká a.