Ìborùn Tí O Ní Ó Yẹ Mí

Dásọ́lá àbúrò mi,

Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Bàbá ti ń fúyẹ́, wọ́n ti padà sí Ìjan.

Èmi ni ara mi ò yá. Ọdún méjì ni mo fi ń sọ fún ìwọ nọ́ọ̀sì pé ooru ń mú mi, àyà mi ń lù kìkìkì, mi ò rí oorun sùn. O ní nǹkan oṣù tó fẹ́ dáwọ́ dúró ni, kí n yé pariwo. Dókítà tó fọwọ́ kan ọrùn mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ooru àti àìsùn lè jọ ti nǹkan oṣù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n máa jẹun kí n sì máa rù, kí ṣọ́ọ̀kì máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, àfi ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Gẹ̀gẹ̀ ni.

Má fi oògùn ránṣẹ́, mo ti ń lo èyí tí wọ́n fún mi. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́jú rẹ bí o ṣe tọ́jú mi.

Ìwọ lo máa ń so ìborùn mọ́ Màmá wa lọ́rùn láti fi bo gẹ̀gẹ̀ tiwọn kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà so ó nígbà tá a jọ sọ̀rọ̀ lórí fídíò lọ́dún Àjíǹde. O ní ó yẹ mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ẹ̀bùnọlá