Irun Ìyá Rẹ Tó Dí Ihò Omi

Yunok, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni ilẹ̀ ń mọ́ bá ọ ní Seoul? Ṣé ilé alájà ogún tí o ń gbé kì í mì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́? Kí Ọ̀run ṣọ́ àtẹ̀gùn rẹ, kí iṣẹ́ má pa ọ́, kí n má sin èèyàn méjì láàárín ọdún kan. Èmi náà wà níbí. Adìẹ mẹ́ta ló kù, òtútù sì ti pa kábéèjì oko tán. Mo fẹ́ kí o wálé kí ọdún tuntun tó wọlé, jẹ́ kí n ro ìdí rẹ̀ fún ọ.

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Obìnrin tó ń gbé inú fóònù rẹ ló ń dá mi lóhùn, ó ní o kò sí nítòsí. Ọmọlúàbí ni, kì í pariwo mọ́ mi. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, mo ní kó bá mi kí ọ, ṣùgbọ́n ó jọ pé kì í jẹ́ iṣẹ́ tí a bá rán an, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Nígbà tí o wá sìnkú ìyá rẹ, omi ilé ìwẹ̀ dúró dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ, o sì ní o máa fi nǹkan ránṣẹ́ tí yóò la ihò omi náà. Mo gbàgbé, Yunok. Igò rẹ dé nígbà tó ku ọ̀la kí ìyá rẹ pé ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta tó ti kú, igò aláwọ̀ ewé tó rẹwà, mo sì rò pé ọtí tí a ó fi rántí rẹ̀ ni. Ojú mi kò ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Nígbà tí ọjọ́ ìrántí náà pé, mo bù ú sínú ife, mo yí ife náà po lórí tùràrí lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé e síwájú fọ́tò rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó tó àkókò kí n mu èyí tí òkú fi sílẹ̀ fún alààyè, bí a ṣe máa ń ṣe, òórùn rẹ̀ ta mí nímú, ojú mi ń ṣomi. Orí ló kó mi yọ tí Ìyá Gwangsu, aládùúgbò wa, gbé ọbẹ̀ wọlé. Ó já ife gbà, ó ka ara igò, ó figbe ta, ó ní ṣé mo fẹ́ sáré lọ bá ìyàwó mi ni, pé oògùn ihò omi nìyẹn, pé irun tó bá kàn, ṣe ló máa yọ́. Mo tún dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ, mo tọrọ àforíjì ohun tí mo gbé ka iwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irun yẹn ni kò jẹ́ kí n lè da oògùn rẹ sínú ihò náà. Irun ta ló dí i? Orí tèmi ti pá kí o tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. O mọ̀ pé ìyá rẹ kì í ju irun tó bá bọ́ sí òòyà nù, inú àpò bébà ló ń kó o sí, tí oòrùn ọjọ́ ọdún tuntun bá ti wọ̀, á jó o lẹ́nu ọ̀nà kí àìsàn má bàa wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í tu irun rẹ̀, kò sí agbára láti ṣà á mọ́, ó ń bá omi lọ. Ó máa ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé òun ń ba ihò omi jẹ́. Mo sì bínú, Yunok. Mo kùn sí i lẹ́ẹ̀kan. Ó ń dùn mí dòní.

Nítorí náà, ọwọ́ ara mi ni mo fi là á. Mo fi ṣíbí yọ ìdérí rẹ̀, mo tẹ wáyà tí a fi ń kọ́ aṣọ, mo fi orí rẹ̀ ṣe ìwọ̀, mo dojú bolẹ̀ nílé ìwẹ̀, mo ń fà. Ó jáde bí okùn, ó gùn, ó ń rùn. Mo fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́ta pẹ̀lú ọṣẹ, mo sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ó ti wà nínú àpò bébà rẹ̀ báyìí, ó pọ̀ ju ti ọdúnkọ́dún lọ.

Ìyá Gwangsu ní kí n ní kí o fi owó ránṣẹ́ ká fi pe oníṣẹ́. Má fi owó ránṣẹ́, ọkọ̀ ni kí o fi wọ̀. Ọdún tuntun ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, èmi kò sì mọ ohun tí ìyá rẹ máa ń sọ tó bá ń jó irun náà. Ìwọ lo máa ń dúró tì í. Inú ilé lèmi máa ń wà, tí mo ń ṣàròyé pé ó ń rùn.

Kí ẹsẹ̀ rẹ mọ ọ̀nà ilé. Kí irun orí rẹ funfun kó tó bọ́. Omi ti ń lọ dáadáa, mo da odidi garawa kan, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tí irun rẹ̀ yóò tún dí i mọ́ nínú ilé yìí.

Èmi bàbá rẹ,
Pyo Mansik