Taya Tó Ní Èjí

Abà Ọládoyin,
Lẹ́bàá Lálúpọn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, 1964.

Ọláníyì ọmọ mi,

Ó dá mi lójú pé lẹ́tà yìí yóò bá ọ ní àlàáfíà, nítorí a kì í jẹun àárọ̀ níhìn-ín kí a má kọ́kọ́ dárúkọ rẹ fún Ọlọ́run. Oúnjẹ Èkó kò ní dà ọ́ nínú rú, ojú rere ni ọ̀gá rẹ yóò máa fi wò ọ́ ní ọ́fíìsì. Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè, àgbàdo ti gbó, òjò sì ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Kí ìkíni mọ níbẹ̀, nítorí inú ń bí mi.

Ọ̀rọ̀ taya ni. Lándírófà tí o rà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé, tí o fi ránṣẹ́ sí wa nítorí oyún Adétutù àbúrò rẹ, ó ti rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà abà yìí. Adétutù sì ti wà nínú oṣù kẹjọ. Nọ́ọ̀sì sọ pé ọmọ náà dábùú, pé ọsibítù Ìbàdàn nìkan ni kí ó ti bí i.

O kọ̀wé pé kí n lọ ra taya ẹrẹ̀, pé bàtà tuntun ni ọkọ̀ náà ń fẹ́. Èmi àti ìyá rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù taya kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Akọ̀wé ibẹ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i, mo kọ mẹ́wàá, nítorí mẹ́wàá ni mò ń wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìwọ lo pè é ní bàtà, èmi kọ́.

Wọ́n wá yí oríṣi méjì síwájú wa. Ọ̀kan, eyín ara rẹ̀ tóbi, wọ́n jìnnà síra débi pé ọwọ́ mi wọ àárín wọn. Èkejì, eyín wẹ́wẹ́ tó fún mọ́ra bí hóró àgbàdo. Ìyá rẹ ní kí a mú èyí tó ní àlàfo. Mo ní rárá o, èjí nìyẹn, ẹwà lásán ni, kì í ṣe pé a fẹ́ gbé ọkọ̀ níyàwó, eyín tó fún mọ́ra ni yóò bu ilẹ̀ jẹ. Ìyá rẹ tó ní èjí kàn wò mí láti òkè délẹ̀. Mo ra eléyín wẹ́wẹ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Níyì, ní Àbámẹ́ta tí a ń gbé Adétutù lọ fún àyẹ̀wò, ẹrẹ̀ dí àárín eyín wẹ́wẹ́ náà pa, taya wá ń dán bí orí mi, ó ń yí lójú kan. Gàfárù awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ inú taya sílẹ̀, ó ní bó bá rọ̀ díẹ̀ yóò tẹ ilẹ̀ dáadáa. Afẹ́fẹ́ Ìbàdàn tí a sanwó fún, ó fẹ́ dà á sínú igbó! Mo fi àtàǹpàkò mi dí i títí apá fi ro mí. Ọkùnrin mẹ́fà ló fi okùn wọ́ ọkọ̀ jáde, wọ́n sì gbé Adétutù lórí àga padà sílé. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ìyá rẹ kò tilẹ̀ bínú. Ó ní ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń rí mi tí mò ń fi igi yọ ẹran láàárín eyín mi tó fún mọ́ra, ṣùgbọ́n ohun tó bá bọ́ sínú èjí tòun, fúnra rẹ̀ ló ń jáde.

Nítorí náà, fi owó taya mìíràn ránṣẹ́ kíákíá, tàbí kí o rà á ní Èkó kí o sì fi rélùwéè gbé e wá, èmi fúnra mi yóò wá gbà á ní tésàn Lálúpọn. Má bi akọ̀wé kankan ní ìbéèrè. Mú fọ́tò ìyá rẹ dání, èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín, bí taya náà kò bá jọ ọ́, má rà á. Nítorí èjí yẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ níjọ́sí, òun náà ni yóò gbé ọmọ ọmọ mi dé Ìbàdàn. Má jẹ́ kó gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run tó la èjí fún ìyá rẹ yóò la ọ̀nà fún ọ, ohunkóhun kò ní há mọ́ ọ lọ́nà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hezekiah Ọládoyin.