Fèrè Idẹ Tí Mo Fi Eérú Fọ̀

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá, 1996

Tísà Ògúnbáyọ̀ wá lónìí, ẹni tó ń kọ́ Jùmọ̀kẹ́ ọmọ ọmọ mi lórin ní ilé-ìwé. Ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta òun fẹ́ sọ ìtàn Louis Armstrong fún àwọn ọmọ, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó fọn fèrè tùràńpẹ́ẹ̀tì títí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Òun ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Òun kò ní tùràńpẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun gbọ́ pé ti ọkọ mi olóògbé wà lọ́wọ́ mi.

Ó wà. Orogún. Orúkọ tí mo fún un nìyẹn, torí ọkọ mi máa ń gbá a mọ́ra jù mí lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lábẹ́ ibùsùn.

Mo ní n óò gbé e wá fúnra mi. Jùmọ̀kẹ́ fò títí ìrọ̀rí fi jábọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Orogún ti dúdú. Ojú á tì mí láàárín àwọn olùkọ́. Mo ṣe é bí ìyá mi ti máa ń ṣe àwo idẹ — eérú, ọsàn wẹ́wẹ́, kànrìnkàn. Mo da omi eérú gba ẹnu rẹ̀ kọjá kí inú náà lè mọ́. Ó ń dán. Mo rí eyín mi nínú rẹ̀, àwọn tó ṣẹ́kù.

Ọjọ́rú, 9

Bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti le, wọn kò ṣeé tẹ̀. Mo ti pa á.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ní kíláàsì àgbà tí mo ti ń kọ́ ìwé kíkà, n kò lè kọ ohunkóhun. Ìyá Mùrí, tá a jọ ń jókòó, bi mí. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, ṣé o rò pé ìkòkò ọbẹ̀ ni? Ó ní kí n gbé e lọ bá Ògúndípẹ̀ tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe.

Mo fi aṣọ wé e, mo gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà ní kí n rọra, kí ọmọ má baà jí.

Ògúndípẹ̀ yọ bọ́tìnnì kan. Eérú tẹ̀ lé e jáde bí ẹ̀kọ. Ó ní, Ìyá, ta ló ṣe báyìí? Mo ní n kò mọ̀. Kí Olúwa dárí jì mí. Ó ní òun á fọ̀ ọ́, òun á fi òróró máṣíìnì sí i. Ti pé á dún, òun kì í ṣe onífèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Jùmọ̀kẹ́ ń wá fèrè. Mo ní ó jáde. Ó ní, Ìyá àgbà, ṣé ó lẹ́sẹ̀ ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Mo gbà á lọ́wọ́ Ògúndípẹ̀ láàárọ̀. Bọ́tìnnì ń lọ, ó ń bọ̀.

Àwọn ọmọ tó ọgbọ̀n. Tísà ní inú ìṣẹ́ ni wọ́n bí Armstrong sí, pé ilé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ aláìgbọràn sí ló ti kọ́ṣẹ́ fèrè dáadáa. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò. Ohùn ọkùnrin náà há. Fareedah, ọmọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ní kí wọ́n fún un ní àgbo. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Tísà wá gbé Orogún fún wọn. Fareedah fọn ọ́n: afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Ọmọ kejì, afẹ́fẹ́. Ìkarùn-ún, afẹ́fẹ́. N kò lè jókòó mọ́. Mo dìde, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, pé èmi ni mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo ti bà á jẹ́.

Tísà ní, Màmá, ẹ jókòó, kì í dún fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ètè wọn ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó gbà á, ó pa ètè pọ̀.

Ó dún. Ó dún títí àwọn ọmọ fi di etí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó.

Ó kan Jùmọ̀kẹ́. Tirẹ̀ dún bí ọmọ ewúrẹ́ tó ń wá ìyá rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ni o.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Tísà gbé Orogún wá lẹ́yìn ìsìn, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Jùmọ̀kẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò mí. Mo ní kó gbé e padà sí ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ máa fi kọ́ṣẹ́. Ó ní, Màmá, títí di ìgbà wo? Mo ní títí lọ. Bó bá wà lọ́dọ̀ mi, n óò tún fọ̀ ọ́ kí Kérésì tó dé.